Ẹ Má Lé Ìyá Àjọkẹ́ Nítorí Ọmọ Tòlótòló

Màmá mi ní Ìdígní,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú òjò, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ọ̀rọ̀ àwọn ẹyẹ. Èmi Àlàbí ọmọ yín dọ̀bálẹ̀ níhìn-ín lórí sìmẹ́ńtì tó tutù bí omi àmù, mo ní kí n kọ́kọ́ kí yín kí n tó sọ ohunkóhun. Mo kí Bàbá, tí wọn kò fẹ́ràn lẹ́tà gígùn; kí wọ́n fara balẹ̀, èyí máa gùn. Mo kí Ìyá Àgbà, ẹ̀gbọ́n Bàbá, tí wọ́n tọ́ mi nígbà tí ẹ̀yin bá wà lóko. Wọn yóò gbọ́ orúkọ wọn nínú lẹ́tà yìí, kí wọ́n má bínú sí mi. Mo kí Ìyá Àjọkẹ́, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi olóògbé, àti Àjọkẹ́ ọmọ wọn.

Mo ti tọrọ ààyè lọ́wọ́ yín lórí pọ́táábù, ìyẹn fóònù, pé mo fẹ́ kí ìwé ìròyìn àwa ọmọ Kétu tí a wà lẹ́yìn odi tẹ lẹ́tà yìí jáde, kí gbogbo èèyàn kà á. Ẹ ní kí n ṣe é, pé bóyá ẹnì kan tó mọ ohun tí ń pa tòlótòló yóò rí i, yóò sì sọ fún yín. Ẹ ṣeun. Èmi náà ní ìdí tèmi. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nípa ikú àwọn ọmọ tòlótòló wa, ìdí ògiri ni wọ́n ti ń sọ ọ́, mo sì fẹ́ kí ó jáde sí gbangba kí a lè wo ojú rẹ̀.

Ẹ bi mí nígbà kan irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe nílẹ̀ Faransé níbí, mo ní mò ń ṣiṣẹ́ ní uzíìnì, ẹ sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Uzíìnì náà, ilé iṣẹ́ ńlá ni, tòlótòló ni wọ́n ń pa níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ máa rẹ́rìn-ín: ọmọ tó ń sá fún tòlótòló ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lóko, òun ló wá dúró tì wọ́n nílùú òyìnbó. Wọ́n fi ẹsẹ̀ kọ́ wọn sórí irin tó ń rìn, wọ́n ń kọjá lójú mi láti àárọ̀ títí a ó fi ṣíwọ́, funfun báláú, kò sí èyí tí èèyàn lè dá mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì. Àwọn tó bá kú sínú mọ́tò kí wọ́n tó dé, a ń kó wọn dà sínú garawa ńlá kan, ẹnikẹ́ni kì í bèèrè ohun tó pa wọ́n. Ìyẹn ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù níbí, ju òtútù lọ. Nílé wa, ọmọ tòlótòló kan kò lè kú kí a má wá ẹni tó pa á.

Òtútù náà kò sì kéré. Òjò ibí kì í rọ̀ kó dá bíi tiwa. Ó kàn ń sẹ̀ wínníwínní, kùrukùru á sì bo ọ̀nà tó fi jẹ́ pé n kì í rí ilé tó kọjú sí tèmi. Yàrá kan ni mo ní. Obìnrin arúgbó kan ń gbé lókè mi, a máa ń kí ara wa lórí àtẹ̀gùn, ó parí síbẹ̀. Lọ́jọ́ ìsinmi mo lè wà láti òwúrọ̀ dalẹ́ láìgbọ́ ohùn ara mi. Owó tí mo bá rí, ẹ mọ̀ pé mo ń fi tiyín ránṣẹ́, n kò ní ohun tí mo fẹ́ sọ lórí ìyẹn lónìí. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni mo fẹ́ sọ.

Kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò bá mọ̀ wá. Akànbí ẹ̀gbọ́n mi ló ni àwọn tòlótòló náà. Oko rẹ̀ lọ́nà Okpomẹ̀ta ló ti ń sìn wọ́n. Ó fi igi àti imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ọgbà fún wọn, kò sì jẹ́ kí adìẹ kankan wọ ibẹ̀. Ó ní adìẹ kò lẹ́kọ̀ọ́. Bí ó bá dé oko, yóò súfèé lẹ́ẹ̀kan, gbogbo wọn á sì dáhùn pọ̀ bí ìjọ tó ń ṣe àmín. Lọ́dún tó kọjá ó ti oko dé, ó ní orí òun wúwo, ó dùbúlẹ̀ lórí ẹní, kò sì dìde mọ́. Àwọn dókítà sọ̀rọ̀ títí, a kò rí ohun tí a lè dì mú nínú rẹ̀. Wọ́n sin ín sí àgbàlá bí a ṣe ń sin àwọn èèyàn wa, lẹ́yìn yàrá yín gan-an, wọ́n sì fi kárò funfun, àwọn táìlì tó ń dán, tẹ́ orí sàréè náà. Èmi kò sí níbẹ̀. Orí pọ́táábù ni mo ti wo ìsìnkú ẹ̀gbọ́n mi, rézò, ìyẹn nẹ́tíwọ́ọ̀kì, sì já kí wọ́n tó da iyẹ̀pẹ̀ bò ó.

Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́, ẹ ní kò yẹ kí ohun ọ̀sìn Akànbí máa dá wà lóko bí ọmọ òrukàn. Ẹ pe ọlọ́kadà, ẹ kó àwọn àgbà tòlótòló àti ọmọ wọn sínú agbọ̀n, ẹ gbé wọn wálé kí wọ́n lè wà nítòsí ẹni tó ni wọ́n. Ìdí sàréè náà lẹ ti ń da àgbàdo fún wọn. Mo rí i nínú fídíò tí ẹ ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi: àwọn ọmọ tòlótòló ń rìn lórí kárò, ẹsẹ̀ wọn ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, àwọn adìẹ ilé sì ń ṣa àgbàdo láàárín wọn. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, inú mi sì dùn.

Ìgbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ẹ sọ fún mi pé ọmọ tòlótòló á kàn lọ dúró sí kọ̀rọ̀, apá rẹ̀ á rọ sílẹ̀, á ki orí bọ àyà bí ẹni tó ń ronú, ìgbẹ́ rẹ̀ á pọ́n rúsúrúsú bí ìyeyè, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi kú. Kò sí ejò, kò sí àṣá, kò sí ọgbẹ́ lára wọn. Àwọn àgbà tòlótòló kò ní nǹkan kan, adìẹ ń jẹ̀ kiri. Bàbá ra oògùn adìẹ lọ́jà Kétu, kò ràn wọ́n. Lẹ́yìn náà lẹ wá sọ ohun kan tí n kò lè gbàgbé. Ẹ ní lọ́sàn-án gangan, nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni ní àgbàlá, àwọn àgbà tòlótòló á dáhùn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí ẹnì kan súfèé sí wọn. Ẹ ní ẹ jáde lọ wò, ẹ kò rí ẹnì kankan. Ẹ ní Akànbí ló ń pè wọ́n, pé àwọn tó kéré ló tètè ń jẹ́ ìpè.

Mo fẹ́ sọ fún yín pé kò rí bẹ́ẹ̀, ẹnu mi kò gbà á. Kò pẹ́ sígbà náà, níbi tí a ti ń já tòlótòló sílẹ̀ látinú mọ́tò, awakọ̀ kan súfèé pe ẹnì kejì rẹ̀. Gbogbo tòlótòló tó wà nínú àpótí ló dáhùn pọ̀. Mo ní láti jókòó sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá dúró sídìí irin yẹn, mo máa ń wojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ti ń kọjá, bí ẹni pé mo máa rí ọ̀kan tó mọ̀ mí. Òkú ni wọ́n, Màmá. Mo mọ̀ pé òkú ni wọ́n, mo sì ń wò wọ́n síbẹ̀.

Ìyá Àgbà ní tiwọn kò gbà pé Akànbí ni. Wọ́n ní òkú tó fọmọ sílẹ̀ kì í pa ohun ọ̀sìn ara rẹ̀. Wọ́n ní Ìyá Àjọkẹ́ ni kí a bi. Ọmọ Adakplamẹ̀ ni Ìyá Àjọkẹ́, èdè Fọ̀n ni wọ́n fi tọ́ ọ, èdè náà ló sì fi ń bá àwọn tòlótòló sọ̀rọ̀ bí ó bá ń fún wọn lómi. Ìyá Àgbà ní kí ló ń sọ fún wọn tí kò lè sọ lédè wa? Wọ́n ní ọkọ kú lọ́wọ́ rẹ̀, ẹyẹ ọkọ tún ń kú lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n sì pa òwe tí gbogbo wa mọ̀: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Òwe yẹn dùn lẹ́nu. Ìyá Àgbà, mo bẹ̀ yín, ẹni tí wọ́n bá pa òwe náà mọ́ kì í rí ibi gbé orí sí.

Ẹ̀yin náà wá sọ fún mi pé bí ẹ bá ti kó àgbàdo wọlé tán, Bàbá yóò mú Ìyá Àjọkẹ́ padà lọ fún àwọn èèyàn rẹ̀, pé Àjọkẹ́ yóò dúró nítorí pé ọmọ wa ni. Ẹ sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ẹ sì bi mí bóyá mo ti jẹun. Mo ní mo ti jẹun. Irọ́ ni, n kò sì lè jẹun lẹ́yìn rẹ̀.

Mo pe Ìyá Àjọkẹ́. Obìnrin yìí kò pe orúkọ mi rí, Adúmáadán ló ń pè mí láti ọjọ́ tó ti wọlé wa, bí ìyàwó ilé ṣe máa ń sọ ọmọ ọkọ lórúkọ. Kò ráhùn. Ó bi mí bóyá òtútù kò pa mí jù. Mo ní báwo ni ilé, ó ní ilé wà dáadáa. Mo bi í ní ohun tó ń sọ fún àwọn ẹyẹ yẹn, ó ní òun ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n mu omi ni. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Kò sí ẹni tó bi í láti ọjọ́ yìí bóyá òun náà rí oorun sùn.

Mo lọ bá dókítà obìnrin kan tó máa ń yẹ ẹran wò ní uzíìnì wa. Faransé mi kò dán, ṣùgbọ́n mo ṣàlàyé, ó sì gbọ́ mi dópin. Ó ní òun kò lè sọ pé báyìí ni láìjẹ́ pé òun la ọ̀kan nínú wọn kí òun wo ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Ó kàn bi mí bóyá wọ́n ń jẹ̀ níbi tí adìẹ ń jẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní àrùn kan wà tí adìẹ lè máa gbé kiri láìṣàìsàn, tó máa ń wà nínú ilẹ̀ tí wọ́n ti ń yàgbẹ́, àgàgà bí ilẹ̀ náà bá tutù, tí ọmọ tòlótòló kò sì lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ó lè jẹ́ ìyẹn, ó sì lè máà jẹ́ ìyẹn.

Màmá, ó pẹ́ kí n tó lè kọ ìlà tó kàn yìí, nítorí mo mọ bí yóò ṣe dùn yín. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ ni, ilẹ̀ ìdí sàréè ni. Ìfẹ́ lẹ fi gbé wọn wá síbẹ̀, ìyá wo ní Kétu ni kò ní ṣe bẹ́ẹ̀? Kò sí ẹni tó lè dá yín lẹ́bi. Ẹ kó wọn padà sí oko lọ́nà Okpomẹ̀ta, kí Bàbá tún ọgbà náà ṣe, kí adìẹ má wọ ibẹ̀. Bóyá èyí tó ṣẹ́kù á yè, bóyá kò ní yè. N kò mọ̀, dókítà náà kò mọ̀. N kò sì lè sọ fún yín ohun tí àwọn àgbà tòlótòló ń dá lóhùn lọ́sàn-án.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo fi orí balẹ̀ bẹ̀ yín fún. Ẹ kó wọn lọ nígbà tí Ìyá Àjọkẹ́ ṣì wà nílé. Bí ẹ bá lé e, tí òjò sì dá, tí ilẹ̀ gbẹ, tí ikú náà dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀, gbogbo Ìdígní ni yóò sọ pé ṣé ẹ rí i. Orúkọ àjẹ́ yẹn yóò dé Adakplamẹ̀ kí òun fúnra rẹ̀ tó dé ibẹ̀, kò sì ní bọ́ lára rẹ̀ mọ́ títí ayé. Àjọkẹ́ yóò wá dàgbà sọ́wọ́ àwọn tó ń pe ìyá rẹ̀ ní apànìyàn. Bí tòlótòló bá tán, a lè ra òmíràn. Irú èyí kò ní àtúnṣe.

Mo mọ ohun tí ẹ ń wá, Màmá, torí èmi náà ń wá a. Bí a bá rí ẹni tó pa tòlótòló, a ó lè sọ pé òun náà ló pa Akànbí, ọkàn wa á sì rí ibi jókòó sí. Mo ti wá a níbí láàárín òkú ẹyẹ àjèjì, n kò rí ẹnì kankan. Mo rò pé kò sí ẹnì kankan. Ìyẹn ló ń dẹ́rù bà mí jù lọ.

Ẹ má bínú pé mo sọ èyí tó kù ní gbangba. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ fún mi pé nígbà tí Akànbí fẹ́ lọ, ẹ wà lápá ọ̀tún rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ wà lápá òsì, ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ ló sì dì mú títí tó fi tutù. Ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ kò tún sọ ọ́ mọ́. Mo rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ yín kò kọ̀ yín sílẹ̀, Màmá. Ẹ̀yin lẹ bí i, inú ilé yín lẹ wà, ó mọ̀ pé kò sí ẹni tó lè mú yín kúrò níbẹ̀. Nítorí obìnrin yẹn ni ẹ̀rù ṣe ń bà á, pé wọ́n lè lé e bí òun kò bá sí mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi dì í mú.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ jẹ èrè àwa tó kù. Kí àgbàdo ọdún yìí gbó, kí àìsàn má yà sílé wa, kí ẹsẹ̀ tó ń dun Bàbá fúyẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé àti ará àdúgbò, àti àwọn tó ń wá bá yín jókòó láti ìgbà tí ọ̀fọ̀ ti ṣẹ̀ wá. Ẹ bá mi kí Ìyá Àjọkẹ́ níṣojú gbogbo èèyàn.

Èmi ni ọmọ yín,
Àlàbí