Ìwé Mi Ń Rìn, Òkun Ń Sáré

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú etí òkun, ẹ sì kú ìrọ́jú. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ìbàdàn níbí. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi Dúróṣọlá àti ìyàwó rẹ̀, mo kí àwọn ọmọ, mo kí gbogbo ará ilé àdúrà. Ṣé ara yín le? Ṣé orúnkún yín ti ń jẹ́ kí ẹ rìn dáadáa? Ṣé ẹja ń wọ àwọ̀n?

Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn lẹ ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ mi. Kì í ṣe pé mi ò ní fóònù. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti dárúkọ kíkó kúrò nílé, ẹ ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dáa, ẹ ó sì gbé fóònù fún Ẹ̀gbọ́n. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí kan náà ló dáa nígbà tí ẹ ń béèrè bóyá mo ti jẹun. Ni mo bá rò ó pé bí mo bá gbé ọ̀rọ̀ náà síbí, ẹnì kan yóò kà á sí yín létí lẹ́yìn ìsìn, gbogbo Àràròmí yóò gbọ́, ẹ ò sì ní rí ẹni tí ẹ máa gbé fóònù fún.

Ara mi le. Iṣẹ́ aṣọ rírán ń lọ bó ṣe ń lọ, owó rẹ̀ ń bọ́ mi, ó sì ń ṣẹ́kù díẹ̀. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ níbí. Àwọn oníbàárà mi ń dúpẹ́ pé ooru ti dínkù, èmi nìkan ni kò lè bá wọn dúpẹ́. Bí ojú ọ̀run bá ti ṣú, ẹsẹ̀ mi á dúró lórí ẹ̀rọ, màá máa ro bí òkun ṣe rí lọ́hùn-ún. Èrò kún ojúlé tí mo ń gbé, síbẹ̀ kò sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún. Bí mo bá ní òkun ń jẹ ilé wa, wọ́n á ní ọmọ omi ni mí, kí ni mo ń bẹ̀rù omi sí. Inú máa ń bí mi, màá sì padà sídìí ẹ̀rọ mi.

Ẹ̀ ń béèrè ṣáá pé ìwé wo ni èyí tí kì í tán. Ẹ ní oyún erin pàápàá kì í pẹ́ tó báyìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú ìwé máa ń rí kó tó di ìwé.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́, gbogbo ohun tí ẹ ń sọ fún mi nípa ìlú wa ni mo ń fi ọwọ́ kọ sílẹ̀. Ilé ìwé àtijọ́ ṣì wà láàárín ilé wa àti òkun nígbà náà, ọgbà àgbọn sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo kọ ọ́ tán, mo gbé e lọ fún àwọn tó ń tẹ ìwé jáde, wọ́n ní àwọn kì í gba àfọwọ́kọ mọ́, kí n lọ tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Mo ń bá ìyẹn lọ́wọ́ ni Ẹ̀gbọ́n pè pé ilé ìwé ti wó sómi.

Wọ́n gba ìwé náà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìdúró, wọ́n sì fi lé olótùú lọ́wọ́. Ìyáàfin Adéòtí lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìsẹ́yìn ni. Màmá mi, obìnrin náà mọ ohun tó ń jẹ́ gígé. Mo kọ orí gígùn kan nípa wàhálà iṣẹ́ aránṣọ ní Ìbàdàn, ó fà á ya kúrò pátápátá, ó ní kò sẹ́ni tó bi mí. Èmi tí mo ń fi sísọ́ọ̀sì gé aṣọ olówó iyebíye láìmí kanlẹ̀ wá jókòó, mo ń sunkún. Ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. Ibi tí ẹ ti ń sọ bí wọ́n ṣe ń yan ẹja ni kò fọwọ́ kàn, ó tún ní kí n béèrè sí i lọ́wọ́ yín. Ó gbé ìwé náà dání láti ìgbà òjò wọ ìgbà ọyẹ́. Kó tó dá a padà, òkun ti kó ọgbà àgbọn lọ.

Lẹ́yìn náà ló ní àwọn òǹkàwé kò mọ Àràròmí, kí n ya àwòrán ìlú sí iwájú ìwé. Ẹ ó rántí ọjọ́ tí mo pè yín, tí inú yín dùn, tí ẹ ń júwe ọ̀nà fún mi: láti ibi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀, kí n kọjá ṣọ́ọ̀ṣì ńlá, kí n yà níbi ilé ìwé, ọjà wà ní ọwọ́ ọ̀tún. Bí ẹ ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe yà á. Kò pẹ́ tí mo gbé e fún ayàwòrán wọn tó fi ṣí àwòrán ìlú wa tí wọ́n yà láti òfuurufú sórí fóònù rẹ̀, tó wá rọra bi mí bóyá orí omi ni wọ́n kọ́ ìlú náà sí. Ó gbé tèmi lé orí tiwọn. Ṣọ́ọ̀ṣì wà nínú òkun, ilé ìwé wà nínú òkun, ọjà náà wà nínú òkun.

Èmi àti ẹ̀yin kò tilẹ̀ fura pé ohun tí òkun ti gbé lọ là ń júwe. Lọ́dọ̀ wa, èèyàn ṣì ń sọ pé kí á pàdé níbi ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo wa sì mọ ibi tí ẹsẹ̀ yóò dúró nínú iyanrìn. Àjèjì ló máa rìn wọ omi. Àwọn ará ọ́fíìsì kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n sì wá yí àwòrán náà ká. Ìyáàfin Adéòtí ní kí wọ́n má pa nǹkan kan rẹ́ nínú ohun tí ẹ júwe, kí wọ́n kàn fa ìlà dúdú gba àárín rẹ̀, síbi tí òkun dé báyìí. Ilé wa ló wà nídìí ìlà náà gan-an. Mo wò ó títí, ojú mi ṣú.

Wọ́n wá to ojú ìwé, wọ́n tẹ ẹ̀dà kan jáde kí n fi wá àṣìṣe. Mo kà á dé ìparí. Gbólóhùn tó kẹ́yìn níbẹ̀ ni pé, “Màmá mi ṣì ń gbé ilé náà.” Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni Ẹ̀gbọ́n pè pé omi ti wọ ìdáná, pé ó ti gbé àtẹ tí ẹ fi ń yan ẹja lọ. Ìyáàfin Adéòtí ní kí n buwọ́ lù ú, nítorí bó bá ti wọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kò sẹ́ni tó lè pè é padà. Ó béèrè bóyá gbólóhùn yẹn yóò ṣì jẹ́ òótọ́ lọ́jọ́ tí ìwé bá jáde. Mo fi bírò lé orí tábìlì. Mo ní mò ń bọ̀, mo sì sá lọ.

Ẹ̀gbọ́n ti kọ́lé sí Mahintẹ̀dó, níbi tó jìnnà sí òkun. Ó ti kan òrùlé, yàrá yín wà níbẹ̀, ẹ̀yin nìkan ló kù. Mo mọ ohun tó dì yín mú. Nígbà tí mo wálé kẹ́yìn, ẹ kọjú sí ibojì Bàbá, ẹ ní, “Bí mo bá kó lọ, ta ni yóò jókòó ti bàbá yín?” Mo jẹ púpurú mi tán, mo sì ń bá yín jiyàn nínú ọkàn mi títí ọkọ̀ ojú omi fi dé Ìgbọ́kọ̀dá.

Èsì mi rèé. Mi ò ní sọ fún yín pé Bàbá ti wà nínú ìwé. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, pẹ̀lú orin tó máa ń kọ bó bá ń tún àwọ̀n ṣe, ṣùgbọ́n ìwé kì í ṣe ibojì, mi ò sì ní tàn yín. Òkun yóò dé ọ̀dọ̀ Bàbá, ẹ jókòó tì í o, ẹ ò jókòó tì í o. Ó dùn mí wọra. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ìjì dà wá láàmú lójú omi, ta ni Bàbá kọ́kọ́ fà gòkè? Ẹ̀yin ni, lẹ́yìn náà àwa ọmọ, kó tó padà lọ wá àwọ̀n rẹ̀. Kò fi yín sílẹ̀ fún òkun nígbà tó wà láyé. Kò ní fẹ́ kí ẹ fi ara yín fún un nítorí òun.

Lánàá, mo padà lọ buwọ́ lu ìwé náà. Wọ́n bi mí bóyá kí àwọn yí gbólóhùn ìkẹyìn padà, mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe ló ń ba gbogbo wọn lẹ́rù níbẹ̀, wọ́n á kà á, wọ́n á tún un kà. Èmi ni mo ń tọrọ ọ̀kan. Màmá mi, mo bẹ̀ yín, ẹ sọ gbólóhùn yẹn di irọ́ kí wọ́n tó tẹ ìwé náà jáde. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó bá rà á wá bá mi jà pé òpùrọ́ ni mí, pé òun dé Àràròmí, òun ò bá yín nílé.

Ẹ ó pẹ́ fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ, ilẹ̀ kò ní yẹ̀ mọ́ yín lẹ́sẹ̀. Ẹ bá mi kí gbogbo ẹni tó ń gbọ́ lẹ́tà yìí, kí wọ́n sì bá yín gbé ẹrù wọ ọkọ̀.

Èmi ni ọmọ yín, tí kò ní lè jókòó jẹ́jẹ́ títí ẹ ó fi pè é láti Mahintẹ̀dó,
Ìbírónkẹ́.