Fíúsì Tí Kíkẹ́ Dì Mọ́ Etí Ìró

Èmi, Àdìjátù Àmọ̀kẹ́ Ládòkun, tí gbogbo Ṣakí mọ̀ sí Ìyá Olómi Tútù, ni mo ní kí a kọ èyí. Ara mi le, orí mi pé, mo sì jẹ àsáró yó kí n tó jókòó. Kò sí ẹni tó tì mí sọ ọ́. Alùfáà Ràmọ́nì Ìyápọ̀ ni kí ó rí i pé ẹ tẹ̀ lé e.

1. Oko iṣu ọ̀nà Ofiki àti rédíò ńlá di ti Bàṣírù, ọmọ bíbí inú mi. Kí ó máa dín ohùn rẹ̀ kù. Òkú náà ń fẹ́ ìsinmi.

2. Àwọn ewúrẹ́ mi di ti Fadékẹ́, ọmọbìnrin mi. Kí ó má pa ìyá ewúrẹ́ dúdú. Ó ti fi ìwo kàn mí dáadáa, síbẹ̀ mo fẹ́ràn rẹ̀.

3. Yàrá iwájú tí mo ti ń ta omi, pẹ̀lú firíìjì inú rẹ̀, mo fún Kíkẹ́, ọmọ Àpọ́nlé orogún mi. Alùfáà ní òfin ẹ̀sìn wa gbà kí n fi ohun tí kò ju ìdámẹ́ta ohun ìní mi lọ tọrẹ fún ẹni tí kì í ṣe ajogún. Yàrá yìí kò tó bẹ́ẹ̀.

Mo mọ̀ pé Bàṣírù yóò fárígá. Ó ti ń wí káàkiri pé Àpọ́nlé ti kọ bàbá wọn sílẹ̀, pé ọjọ́ tí mo bá kú ni Kíkẹ́ yóò kó ẹrù rẹ̀ jáde nínú ilé tí mo fi owó ara mi kọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí èyí kò fi ní rí bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, sọ́kẹ́ẹ̀tì firíìjì jó, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Oníṣẹ́ iná ní òun ń bọ̀ lọ́la. Ọ̀la náà kò dé, omi mi sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo ra tuntun, mo ní kí ẹni tó tà á fi bí wáyà ṣe ń wọlé hàn mí, mo sì ní èmi ni n ó pààrọ̀ rẹ̀. Bàṣírù fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ti mú iná lọ lọ́jọ́ náà, ó ní kí la tún ń yọ fíúsì fún. Mo yọ ọ́ nídìí mítà, kí iná má bàa wọ ilé wa bí wọ́n bá mú un dé. Kíkẹ́ dì í mọ́ etí ìró rẹ̀, mo sì kìlọ̀ fún un pé èmi nìkan ni kó fi lé lọ́wọ́.

Mo ti di ìhòòhò wáyà mú nígbà tí ariwo sọ pé iná ti dé. Rédíò ń ké nílé gbogbo ènìyàn, tiwa dákẹ́. Ẹ sì mọ̀ wá: bí aládùúgbò bá ní iná tí àwa kò ní, ìdí mítà la ń sáré lọ. Bọ́ọ̀lù wà lórí tẹlifíṣọ̀n, Bàṣírù sì gbàgbé pé ìyá òun wà nídìí wáyà. Ó ní kí Kíkẹ́ kó fíúsì wá. Kíkẹ́ kọ̀. Bàṣírù fọ́ ọ létí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, kò bá a jà, ṣùgbọ́n ó jókòó lé etí ìró náà, ó ń sunkún, títí mo fi ṣe tán. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, omi tutù nini, Bàṣírù ló kọ́kọ́ mu.

4. Bàṣírù, o ò níkà nínú, bọ́ọ̀lù ló ń dà ọ́ láàmú, mo sì fẹ́ràn rẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba ìgbátí kí n lè wà láàyè kò ní tọrọ ibi tí yóò sùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú ilé mi.

Mo tẹ àtàǹpàkò mi síbí, ní Ṣakí, ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹta, ọdún 1985.

Àdìjátù Àmọ̀kẹ́ Ládòkun

Ó ṣojú wa:
Adétúnjí Ògúndìran
Àwáwù Àríyọ̀