Màámi, Ìdun Ni, Kì Í Ṣe Ìyàwó Yín

Màámi mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú òjò, ẹ kú àbójútó ilé, ẹ kú àìrójú mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní Kétu níbí, mo mọ̀ pé ẹ ti rí mi láti Ìlarò. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Láyí, àti àwọn ará ilé wọn. Mo kí Ṣadé, àbúrò mi tó ń ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Ṣadé, má fo ìlà kankan, má sì fi tìrẹ kún un.

Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ni ẹ ti ń bá ọ̀rọ̀ mi pàdé. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ gbé e síta. Láti ọjọ́ tí mo ti sọ pé hòtẹ́ẹ̀lì lẹ máa sùn tí ẹ bá wá wo ọmọ tuntun, kò sẹ́ni tí ẹ ò tíì rò ó fún ní Ìlarò. Ọ̀rọ̀ náà ti bá mi dé ọjà Mile 12. Ọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí wá ra ata lọ́wọ́ mi, ó gbọ́ pé ọmọ Ìlarò ni mí, ló bá bi mí bóyá mo mọ ọ̀dájú kan tó fẹ́ lọ fi ìyá rẹ̀ sí hòtẹ́ẹ̀lì. Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n. Mo fi ènì tó pọ̀ sí i fún un kó lè tètè máa lọ. Nítorí náà, gbogbo ẹni tó ti gbọ́ ẹjọ́ tiyín, mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ tèmi náà.

Mo mọ ohun tó dùn yín. Ẹ sọ fún Ṣadé pé ibi tí àwọn èèyàn ti ń fara pamọ́ ṣe ìṣekúṣe ni wọ́n ń pè ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ẹ ní ọmọ tí ẹ bí nínú ara yín kò rí igun ilé kan fún yín. Ẹ tún ní ìyàwó yín ni kò fẹ́ rí yín, òun ló kọ́ mi lọ́rọ̀ sọ. Ẹ wá ní ẹ ò wá mọ́. Ibẹ̀ yẹn gan-an ló ká mi lára. Ayọ̀midé, ọmọ tuntun náà, ti ń rákò, eyín ti yọ lẹ́nu rẹ̀, ẹ ò sì tíì fojú kàn án. Nígbà ìsọmọlórúkọ, ẹsẹ̀ ló ń dùn yín. Ní báyìí tí ẹsẹ̀ ti san, mi ò fẹ́ kó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló máa dá yín dúró sílé.

Màámi, ẹ jẹ́ kí n là á mọ́lẹ̀. Ìdun ló wà nílé wa.

Nítorí yín gan-an ni wọ́n ṣe wọlé. Mo ro ti ẹsẹ̀ yín, mo ní ẹ ò lè máa jókòó sórí àpótí. Ẹnì kan tó ń kó kúrò ní Gbàgádà fẹ́ ta àga onítìmùtìmù kan. Àga náà fẹ̀, ó rọ̀, èèyàn á rì sínú rẹ̀ dé ìbàdí. Mo rà á, mo gbé e wálé, mo sì ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ jókòó síbẹ̀ kí ìyá mi tó dé. Mi ò mọ̀ pé àwọn kan ti jókòó síbẹ̀ ṣáájú. Kò pẹ́ tí gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí í họra. Ìbùkún, ọmọ yín àgbà, họra dé ilé ìwé, olùkọ́ rẹ̀ sì ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀.

A da omi gbígbóná sí i, a da kẹrosíìnì, a ra òtápíápíá. Òjò ọdún yìí kò sì jẹ́ ká rí oòrùn sá fóòmù. Tí a bá gbé e síta láàárọ̀, n ò ní tíì dé ọjà tí ìyàwó yín á ti pè mí pé ojú ọ̀run ti ṣú. Ẹ ní kí n kúkú gbé ọmọ wá bá yín ní Ìlarò. Ìdun a máa wọ báàgì, á sì lẹ̀ mọ́ etí aṣọ. Mi ò fẹ́ kó wọ ilé tí bàbá mi fi òógùn ojú wọn kọ́. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n lè sọ ọ́ lórí fóònù. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sá ẹní ní gbogbo Sátidé, báwo ni n ó ṣe la ẹnu sọ fún yín pé ìdun ń jẹ ọmọ yín?

Iṣẹ́ ń lọ dáadáa, a dúpẹ́. Àwọn Hausa tó ń já ẹrù látinú tírélà ti sọ mí ní Mai Tattasai, nítorí tatàṣé tí mò ń tà. Èèyàn pọ̀ lọ́jà bí eṣú, àmọ́ nínú gbogbo wọn, kò sí ẹni tó ń pè mí ní Àjàní. Ó máa ń ṣe mí bíi kí n gbọ́ ọ, pàápàá tí mo bá ń bọ̀ wálé nírọ̀lẹ́.

Ẹ wá gbọ́ bí a ṣe wá hòtẹ́ẹ̀lì. Èmi àti ìyàwó yín la jọ lọ, pẹ̀lú Ayọ̀midé lẹ́yìn rẹ̀. Ní àkọ́kọ́, nítòsí ilé wa ní Kétu, ọmọbìnrin tó jókòó síwájú wò wá, ó bi mí bóyá short rest ni àbí a máa sùn mọ́jú. Ìyàwó yín fi ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ hàn án, ó ní kí ló kù tí àwọn tún fẹ́ ṣe. Orin ilé ọtí tó wà nísàlẹ̀ ń mi ògiri lókè. A kí i pé ó dàbọ̀.

Èkejì wà ní Ògùdù. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun báláú, lọ́fínńdà ń ta sánsán. Ìdun ti kọ́ wa lọ́gbọ́n, nítorí náà a gbé báàgì wa sílẹ̀ nínú ilé ìwẹ̀, a gbé fóòmù sókè, a sì wo ojú rírán rẹ̀. Ṣe ló dà bí ìgbà tí ẹnì kan wọ́n iyèré lílọ̀ sí i. Máníjà ní ìdọ̀tí aṣọ lásán ni. Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ìdun kan jáde lẹ́yìn pákó orí bẹ́ẹ̀dì, tó ń rọra rìn bí ẹni tó ti sanwó yàrá.

Ìkòsí la ti rí ẹ̀kẹta. Obìnrin àgbà kan ló ni ín, Mummy ni gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń pè wọ́n. Kò sí ilé ọtí níbẹ̀, àwọn ọmọ àlejò ń sáré kiri nínú ọgbà. Mummy kò bínú nígbà tí mo ní mo fẹ́ gbé fóòmù. Àwọn fúnra wọn di igun kejì mú, wọ́n tan iná fóònù sí i. A wo ojú rírán, a wo ẹ̀yìn pákó, a wo ihò ara ògiri, ó mọ́ tónítóní. Inú mi ti ń dùn, àfi bí Mummy ṣe yíjú sí mi tí wọ́n bi mí bóyá kò sí ìdun nílé tiwa.

Màámi, èmi tí mò ń yẹ ilé onílé wò, mo fẹ́ ní rárá. Ìyàwó yín, tí ẹ ní kò fẹ́ yín, ló sọ òótọ́. Ó ní, Mummy, ó wà, ó pọ̀. Ó ní ìyá ọkọ òun ló ń bọ̀, òun ò fẹ́ kí ohunkóhun jẹ wọ́n, pé bí wọn ò bá wá, òun ni wọ́n á máa bínú sí títí. Ló bá bú sẹ́kún. Mo rò pé wọ́n máa ní ká máa lọ. Mummy rẹ́rìn-ín, wọ́n ní nínú gbogbo àlejò tí àwọn ti gbà, àwa ni àkọ́kọ́ tó jẹ́wọ́ kó tó wọlé.

Wọ́n fún wa ní yàrá ńlá tó gba gbogbo wa. Ohun tí wọ́n ní ká ṣe ni pé ká fi omi gbígbóná fọ gbogbo aṣọ tí a máa kó wá, ká sì dì í sínú ọ̀rá tuntun. Ọkùnrin tó máa fín oògùn sílé wa ní ká má sùn síbẹ̀ títí oògùn náà á fi ṣiṣẹ́ tán. Lẹ́yìn náà, gbogbo wa la jọ máa lọ sílé. Àga yẹn kò sí níbẹ̀ mọ́, mo ti dáná sun ún. Ẹ ó ṣì fara da àpótí.

Nítorí náà, tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ ní Kétu, ẹ má gba ilé wa rárá. Màá fi márúwá gbé yín tààrà lọ sí Ìkòsí. Ẹ gbé ẹní yín dání. Mummy ní ẹní tí wọ́n ń sá ní gbogbo Sátidé kò lè kó ìdun wá. Tí ẹnikẹ́ni bá bi yín, ẹ má pè é ní hòtẹ́ẹ̀lì mọ́, ẹ ní ilé ìtura ni. Àwa la máa kọ́kọ́ débẹ̀. Ìyàwó yín ló máa ṣílẹ̀kùn fún yín, á kúnlẹ̀ kí yín káàbọ̀, á sì gbé Ayọ̀midé lé yín lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ ògiri ni tiyín. Mo ti dùbúlẹ̀ lórí rẹ̀ wò, oorun gbé mi lọ.

Ẹ̀mí yín á gùn, ara yín á le, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo àdúgbò, pàápàá àwọn tó ti bá yín dá mi lẹ́bi. Ẹ ti sọ ti hòtẹ́ẹ̀lì fún wọn tó. Ẹ wá gbé ọmọ yìí, kí ẹ lè rí nǹkan míì sọ.

Èmi ni ọmọ yín,
Àjàní