Ìlérí Ti Só!

Láídé, Ìlérí wa ti só o! Lánàá, tí wọ́n yọ ìju inú ilé ọmọ rẹ̀ tán, dókítà ní kò gbọdọ̀ jẹun títí á fi só. Ó pè mí láàárọ̀ yìí, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín: “Moyọ̀, mo ti só! Gbogbo wọ́ọ̀dù ń pàtẹ́wọ́!” Mo jó títí ìyá onílé fi wá kan ilẹ̀kùn. Ilé ọmọ tí a ń bẹ̀rù pé wọ́n á gé, ó wà digbí!

Mo ti gbé ògì lọ bá a. Sùn díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ òru ẹ, kó o wá bá wa. Má pa á lẹ́rìn-ín o, ojú abẹ ń dùn ún. Èmi gan-an ń kọ́ bí mo ṣe máa fajú ro.

Moyọ̀