Adájọ́ Wọ́gi Lé Ìwé Tó Fẹ́ Lé Kójò Lọ

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kì í fẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ falẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: a borí! Adájọ́ ti wọ́gi lé ìwé tí wọ́n fi ní kí Kójò ọkọ mi jáde ní Nàìjíríà. Ó wà lẹ́yìnkùlé báyìí, ó ń bá àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Èmi jókòó lábẹ́ igi ọsàn yín, mò ń kọ̀wé sí yín.

Ṣé ẹ rántí bí ẹ ò ṣe fẹ́ kí n fẹ́ ẹ? Ó wá gbẹ́ kànga wa ní Ayégbajú, ó gbẹ́ ẹ tán, ó sì tún ń wá lójoojúmọ́ bíi pé kànga náà ń ṣàìsàn. Ẹ ní ọmọ Tógò ni, ẹ ò mọ orírun rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí bàbá rẹ̀ mú un wá sí Òsì, Òsì náà ni wọ́n sì sin bàbá ọ̀hún sí. Odidi ọdún méjì lẹ fi yínmú sí i kí ẹ tó gbà. Nígbà tí àìsàn yín wá le, ta ló ń gbé yín lọ sí balùwẹ̀? Ó dùn mí pé mi ò bi yín nígbà yẹn. Ṣé ẹ kábàámọ̀, Bàbá?

Lẹ́yìn ìsìnkú yín ni wàhálà dé. Ìwé ìgbélùú tí àlejò fi ń gbé Nàìjíríà ti fẹ́ parí lọ́wọ́ Kójò, ó sì ti kọ̀wé pé kí wọ́n bá òun tún un ṣe. Dípò èsì, ìwé mìíràn ni òṣìṣẹ́ kan láti iléeṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àlejò mú wá lówùúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀: kó kúrò láàárín ọjọ́ mọ́kànlélógún. Kójò jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Èmi sunkún títí ojú mi fi wú.

Ìgbà yẹn ni mo rántí yín, bí ẹ ṣe máa ń fi ìka tọ ìwé láti òkè dé ìsàlẹ̀, kódà bébà tí wọ́n fi di àkàrà. Mo nu ojú mi, èmi náà fìka tọ ọ́. Nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n kọ ọ́ pé àwọn ti ránṣẹ́ pe Kójò kó wá sọ tẹnu rẹ̀, kò wá. Bàbá, ìwé ìpè kankan ò dé ọ̀dọ̀ wa!

Mo gbé e lọ bá lọ́yà obìnrin kan ní Ìkọ̀lé. Ó là á yé mi pé adájọ́ ò ní fún Kójò ní ìwé ìgbélùú, iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Ohun tó máa wò ni bóyá àwọn tó pàṣẹ tẹ̀lé òfin kí wọ́n tó pa àṣẹ náà. Kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó pé, lọ́yà náà ti gba ìwé kóòtù pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan Kójò títí ẹjọ́ yóò fi parí. Oṣù méje la fi ń lọ tá à ń bọ̀ ní kóòtù Adó.

Ní ìjókòó tó kẹ́yìn, adájọ́ kọjú sí agbẹjọ́rò wọn.

"Ìwé tí ẹ fi pè é dà?"

Ọkùnrin náà ṣí fáìlì, ó pa á dé, ó tún ṣí i. "Olúwa mi, a ò rí i."

Agbẹ́jọ́ẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà! Adájọ́ wọ́gi lé àṣẹ náà lójú ẹsẹ̀, ó ní kí wọ́n lọ gbọ́ tẹnu Kójò. Mo pariwo nínú kóòtù. Ọlọ́pàá ní kí n jókòó, mi ò tilẹ̀ gbọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n pè é sí iléeṣẹ́ náà. Ọ̀gá ibẹ̀ bi í pé tí àwọn bá ní kó máa lọ sílé, ibo ló máa lọ? Kójò ò ronú rárá.

"Ọ̀gá, Ayégbajú ni ulé mi."

Bí ọ̀gá náà ṣe gbọ́ tó fi ohùn Èkìtì pe ilé ní ulé, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì lu òǹtẹ̀ sí ìwé ìgbélùú rẹ̀.

Lọ́la a máa ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Akọ̀wé ìjọ bi Kójò pé báwo ni kí wọ́n ṣe pè é síwájú. Orúkọ yín ló dá, ó ní ọmọ yín ni òun. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ máa sinmi, Bàbá mi. Mo fẹ́ràn yín ju bí mo ṣe sọ ọ́ lójú ayé yín lọ.

Èmi ni, àkọ́bí yín obìnrin.