Ọmú Yín Kò Jẹ̀bi

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo kí Ẹlẹ́rìn-ín kékeré, mo sì kí ìyá ọkọ yín. Mo gbàdúrà kí lẹ́tà yìí bá yín lórí ìjókòó àlàáfíà. Ara mi le. Mo mọ̀ pé ìyá ọkọ yín ti fún yín di ọ̀túnla láti já ọmọ lẹ́nu ọmú torí funfun tó bo ẹnu rẹ̀, nítorí náà mi ò ní fọ̀rọ̀ falẹ̀.

Ohun tí mo fojú ara mi rí láàárọ̀ yìí nìyí, nínú àwọn abọ́ tí a fi ń hu kòkòrò ní yàrá àyẹ̀wò ilé ìwòsàn wa. Nínú abọ́ kìíní, èyí tí a fi òwú tí ẹ fi kan ẹnu ọmọ pa: òfo. Nínú abọ́ kejì, èyí tí a kán omi ọmú yín sí: ẹ̀kán mẹ́ta péré ló hù, kò tó orí abẹ́rẹ́. Nínú abọ́ kẹta: ohun funfun róbótó-róbótó tó ń dán, ó kún abọ́ bí ìgbà tí ìpara dà sílẹ̀, ó sì ń rùn bí ìyẹ̀fun búrẹ́dì tó ti wú.

Ẹ ò rán ohun inú abọ́ kẹta, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́. Nígbà tí Bọ̀dá ọkọ yín gbé ohun àyẹ̀wò náà dé níjẹta, ọ̀gá wa, tí a ń pè ní Ìyá Awò torí pé ojú wọn kì í kúrò lórí awò tí a fi ń wo kòkòrò àìfojúrí, bi wọ́n bóyá ẹ nu ẹnu ọmọ kí ẹ tó fi òwú kàn án. Bọ̀dá ní, "Ó fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, Mà. Ó ní òun ò lè gbé ìdọ̀tí ọmọ òun ránṣẹ́ sílé ìwòsàn." Ìyá Awò rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi bọ́ gíláàsì ojú wọn. Wọ́n ní, "Ẹ lé olè lọ tán kí ẹ tó pe ọlọ́pàá." Èmi ò rẹ́rìn-ín, mo mọ̀ yín, ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbálẹ̀ de agbálẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ ìnuwọ́ tí ẹ fi nu ẹnu náà, tí ẹ dì sínú ọ̀rá pé kí Bọ̀dá sọ nù lójú ọ̀nà. Wọ́n gbàgbé rẹ̀ sápò, wọ́n bá yọ ọ́ fún wa. Ara rẹ̀ la ti mú ohun tó hù nínú abọ́ kẹta.

Ìyá Awò ní kí n wá wò ó. Nílé ìwé, mo rò pé ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo kòkòrò wọ̀nyí. Irọ́ ni. Bakitéríà kéré, òmíì dà bí ìlẹ̀kẹ̀, òmíì bí ọ̀pá. Fáírọ́ọ̀sì kéré jù wọ́n lọ débi pé awò wa ò rí i. Inú ara ẹlòmíì nìkan ló ti lè bí sí i, bí àlejò tí kò ní ìkòkò tirẹ̀. Èyí tí ẹ̀fọn ń gbé kiri tó ń fa ibà, ìran tiẹ̀ ọ̀tọ̀. Ohun aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ lára àgbá omi, ọ̀tọ̀ ni. Ti ẹnu ọmọ yín, ìran olú ni, ẹbí ìwúkàrà tó ń mú búrẹ́dì wú. Ó rí bí ẹyin, kékeré sì ń yọ léjìká òmíràn bí ìgbà tí ìyá pọn ọmọ.

Ìdí nìyẹn tí oògùn olómi tí ẹ rà kò fi ṣiṣẹ́. Bakitéríà ló ń pa. Ó lé àwọn tó ń bá olú du ààyè lẹ́nu ọmọ lọ, olú wá rí ilé gbé. Ẹ ò mọ̀, ẹ má dá ara yín lẹ́bi.

Ẹ̀kán mẹ́ta inú omi ọmú ńkọ́? Èyí tó ń gbé lára awọ gbogbo wa ni. Níjẹta, Ìyá Awò ní kí Bọ̀dá fi àtàǹpàkò tẹ abọ́ kan. Ohun tó hù níbẹ̀ láàárọ̀ yìí kọjá àfẹnusọ. Bọ̀dá wò ó, wọ́n ní, "Tó bá jẹ́ báyìí ni, kí wọ́n já èmi náà lẹ́nu oúnjẹ."

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú sí ìyá ọkọ yín. Bọ̀dá sọ fún mi pé ẹnu àkọ́bí Màmá funfun báyìí náà. Àwọn ará ilé ní ọmú wọn ti bàjẹ́, Màmá bá fi aṣọ di àyà títí ó fi gbẹ. Ọmọ náà ò pẹ́ láyé. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n, kì í ṣe ìkà.

Dókítà ti kọ oògùn míì, ó wà lọ́wọ́ Bọ̀dá: èyí tí ẹ ó máa kán sẹ́nu ọmọ, àti ìpara tí ẹ ó fi pa orí ọmú. Ẹ se orí ìgò ìmumi rẹ̀ nínú omi gbígbóná. Kí ẹ sì máa fún un lọ́mú.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹnu ọmọ náà mọ́, kó fi pè yín ní ìyá kó tó pe ẹlòmíì. Àyà yín ò ní gbẹ láìtọ́jọ́.

Èmi ni àbúrò yín, tí ẹ pọ̀n dàgbà.

Àfikún: Ilẹ̀ ti mọ́, Bọ̀dá ń mú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ gbóná, mo sáré fi èyí kún un. Lálẹ́ àná tí wọ́n wá gba lẹ́tà, wọ́n pe ìyá wọn lórí fóònù, wọ́n ṣàlàyé. Màmá ní kí wọ́n gbé fóònù fún mi. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni tèmi?" Mo ní, "Màmá, mi ò sí níbẹ̀, mi ò lè búra. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ irú èyí ló funfun lẹ́nu ọmọ yín, ọmú yín ò jẹ̀bi." Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe fa imú. Wọ́n ní, "Kó má já a lẹ́nu ọmú mọ́. Màá lọ gbọ́mọ fún un kó sùn díẹ̀." Mo pa iná, mi ò lè sùn, mo tún tàn án, mo tún lẹ́tà yìí kà. Aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo tó sùn lọ.