Iro Tí O Kò Fi Àmì Sí

Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà,
Ọjọ́ kẹta, oṣù Keje, 1994.

Ọlọ́runyọmí ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Èkó? Bí ara kò bá le, kí Olúwa wò ọ́ sàn, bí ó bá sì le, kí ó máa le lọ. Àwa náà wà láàyè, àfi ìyá rẹ tí apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò tíì gbéra láti oṣù Kẹta. Ewúrẹ́ rẹ ti bí, òjò sì ti wó ògiri ẹ̀yìnkùlé.

Ó ti pẹ́ tí a ti rí lẹ́tà rẹ gbà. O ní ìwé ni kò jẹ́ kí o wálé ní ọdún Àjíǹde, pé ẹ ń kọ́ bí àwọn onísáyẹ́ǹsì ṣe ṣírò eré tí iro ń sá. O kò fi àmì kankan sí i, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé kì í ráyè àmì, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé irọ́ ni. Mo sọ fún ìyá rẹ pé irọ́ ni ọmọ wa ń kọ́ ní yunifásítì, ó ní ìyẹn dára, wọn yóò gbà ọ́ síṣẹ́ ìjọba.

O ní wọ́n gbé ìbọn ńlá sórí òkè kan, àwọn mìíràn dúró sórí òkè kejì, wọ́n rí iná ìbọn lójú ẹsẹ̀, wọ́n wá ń wo aago títí iro fi dé. Ìyẹn yé mi, ojú ti máa ń rí òótọ́ tán kí irọ́ tó dé etí. O ní ọlọ́gbọ́n ńlá kan ṣírò rẹ̀, iye rẹ̀ kò pé, nítorí kò ka ooru inú afẹ́fẹ́ mọ́ ọn, ẹlòmíràn ló wá tún un ṣe. N kò bá a wí, bóyá kò lọ́mọ ní Èkó tí í mú inú rẹ̀ gbóná ni. O ní iro yára nínú omi ju inú afẹ́fẹ́ lọ, sọ fún wọn kí wọ́n wọ̀n ọ́n nínú ẹmu náà. O ní nínú irin ló tún yára jù, ni mo fi mọ ìdí tí n kò fi tíì gbọ́ òótọ́ kan rí nínú tẹlifóònù Iléṣà.

Tíṣà Dúrósinmí tó kọ́ ọ ní kékeré sọ pé mo ń ṣi ìwé kà, pé ìró ni, bí ìró agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní kó má gbèjà rẹ, ta ni yóò torí ariwo agogo fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ lórí ẹní?

Èmi náà ti ṣe ìṣírò tèmi. Ògúnṣẹ̀yẹ aládùúgbò wa, tó ń kó obì lọ sí Òṣogbo, rí ọ ní Òkè Baálẹ̀ lọ́jọ́ Àjíǹde gan-an, níbi ìkómọ ọ̀rẹ́ rẹ, o wọ agbádá, o ń pín mínírà. O bẹ̀ ẹ́ kó má sọ nílé. Ó gbé e mì títí di ìjẹta, tó bá wa níbi tí a ti ń fi ṣíbí fún ìyá rẹ ní ẹ̀kọ, ni Ògúnṣẹ̀yẹ bá ń sunkún, ó sì sọ ọ́ fún mi níta. Irọ́ rẹ láti Èkó lo ọ̀sẹ̀ kan kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, òótọ́ láti Òṣogbo níbí lo oṣù mẹ́ta. Sọ fún àwọn olùkọ́ rẹ pé èmi Micah ní ìṣírò wọn pé. Inú mi bàjẹ́ gan-an, Ọlọ́runyọmí. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a, ṣé ẹ kò tíì kọ́ ìyẹn ni?

N kò sọ fún ìyá rẹ. Bí ọkọ̀ kan bá ti rọra rìn ní títì Àkúrẹ́, a ní ìwọ ni. Ìyá rẹ kì í jẹ́ kí a pa àtùpà, kí o má baà kọjá ilé. Karosíìnì ti wọ́n, bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ a ń fẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n má fi rán ẹnikẹ́ni, ọwọ́ ara rẹ ni kí o fi mú un wá.

O kọ ọ́ sísàlẹ̀ lẹ́tà pé níbi tí kò bá sí afẹ́fẹ́, iro kò lè débẹ̀. Èémí ìyá rẹ ti ń kúrú. Kí Olúwa pa àlọ àti àbọ̀ rẹ mọ́, kí àwọn ọmọ tìrẹ náà tọ́jú rẹ ju bí o ti tọ́jú wa lọ.

Láàárọ̀ yìí ìyá rẹ bi mí pé ibo lo dé. Èmi tí mo jẹ́ olórí kíláàsì ní ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, mo la ẹnu mi, mo ní o ti kúrò ní Èkó, o ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Iléṣà. Irọ́ mi ti wà lójú ọ̀nà, ọmọ mi. Sáré bá a kí òtítọ́ tó bá a.

Èmi ni bàbá rẹ,
Micah.